Àwọn Tí Kì Í Pa Obì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ara mi ti fúyẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹkún ni mo jókòó láti sun. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í dákẹ́. Aṣọ ni mò ń tà nínú ọjà ńlá Onitsha, ẹni tó bá sì ya odi níbẹ̀, ilé ni yóò ru ẹrù rẹ̀ padà sí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ, àwọn ọmọ tí mo bí kò gbọ́ ọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò bá mi tan ló wá bi mí léèrè nípa ìdílé ẹlòmíràn, ni ti ìdílé tèmi bá jáde lẹ́nu mi.

Obosi ni à ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Onitsha ń gbé. Báńkì ló gbé ọkọ mi wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ọdún méjì ọ̀hún ló bí ọmọ mẹ́ta, òun ló bí ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ló sì gbé ọkọ mi dé ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọmọ wa ń fi Igbo jà, wọ́n ń fi Píjìn ṣàwàdà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ nǹkan ni wọ́n ń rántí Yorùbá. Òkè la wà nínú ilé náà. Ìsàlẹ̀ ni opó kan wà, ọmọ Igbo, tó fi bí ọdún méjìlá jù mí lọ. Nne, ìyẹn ìyá ní Igbo, ni mò ń pè wọ́n lójú wọn, ṣùgbọ́n láàárín ara wa lókè, Ìyá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ wọ́n sí. Àwọn ló wẹ ọmọ mi kejì fún oṣù kan gbáko nígbà tí ìyá mi kò lè wá. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ewúro títí ìkorò rẹ̀ yóò fi mọ níwọ̀n. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, orí tábìlì wa lókè ló ti ń ṣe iṣẹ́ ilé tí tíṣà bá fún un láti pírámárì.

Nọ́ọ̀sì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó rẹwà, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ní sùúrù tí èmi kò ní. Ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ ẹ ṣáájú. Ẹni àkọ́kọ́ gbé wáìnì wá, àwọn ẹbí rẹ̀ lọ wádìí, a kò rí wọn mọ́. Ẹnì kejì tilẹ̀ ti dá ọjọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ lọ wádìí, ó sì pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹnì kẹta ló wá dé yìí, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta sólà, tó máa ń bá mi gbé ẹrù aṣọ gun àtẹ̀gùn láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa nínú ilé ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nítorí tirẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ìkókó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Ìwádìí kì í ṣe tuntun sí mi. Nílé wa náà, a kì í fọmọ fún ẹni tí a kò mọ orírun rẹ̀. A ń béèrè wèrè, a ń béèrè ẹ̀tẹ̀, a ń béèrè olè. Ṣùgbọ́n níhìn-ín wọ́n ń fi ọ̀kan kún un. Wọ́n ń béèrè bóyá ohu ni ìdílé náà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ra baba ńlá wọn lẹ́rú. Òfin ti pa á rẹ́ kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ òfin kì í bá àwọn ẹbí jókòó nígbà tí wọ́n bá ń yan ìyàwó fún ọmọ wọn.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ohu ni wọ́n ń pe Ìyá Ìsàlẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, àṣìṣe tèmi ni. Nígbà tí ọkọ wọn kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo tẹ̀ lé òkú dé abúlé. Èrò pọ̀ lábẹ́ kánópì. Ẹnì kan gbé àwo obì sílẹ̀ nítòsí mi, ó sáré lọ bu omi, mo bá ní kí n bá wọn gbé e, ṣebí iṣẹ́ òkú la wá ṣe. Mo wo àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú, mo wá ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni. Orí wọn funfun báláú, wọ́n sì jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà lórí àga rọ́bà kan. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ta ni ǹ bá tún gbé obì fún bí kò ṣe àgbà? Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ilé wa, mo ní, "Nna anyị, ọjị abịala." Ìyẹn ni pé, bàbá wa, obì dé o.

Gbogbo ojú lábẹ́ kánópì yí sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá náà ti gba àwo ná, wọ́n ń wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún dìde láàárín àwọn onílùú, ìyẹn àwọn ọmọ bíbí ìlú náà, ó rìn wá, ó nawọ́ sí àwo náà láti gbé e lọ fún ọkùnrin mìíràn tó kéré sí bàbá náà dáadáa. Kò jà á gbà o. Bàbá náà ló ti juwọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ náà tó kàn án. Wọ́n sì tún bá a rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ irú ìjuwọ́sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti rí i rí nílé wa.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí ibùdókọ̀ Upper Iweka ní Onitsha, mo ń bẹ Ìyá Ìsàlẹ̀ pé mo ti ba ètò òkú wọn jẹ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Nwa m, you no do bad," ni wọ́n wí, wọ́n pè mí lọ́mọ wọn. "Since dem born that man, na only you don give am kola make e break."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé wọ́n ra baba ńlá ọkọ wọn ní ọjà kan létí odò, àti pé títí dòní, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò gbọdọ̀ pa obì níbi tí ọmọ onílùú bá wà. Wọn kì í joyè. Ọmọ onílùú kì í sì í fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì búra. Wọ́n sunkún sí mi léjìká títí a fi dé, èmi sì jókòó gbọnin, mò ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, bí ọmọ ọba tó ń ṣàánú tálákà. N kò sọ pé, Nne, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa.

Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Nínú agboolé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́rú, èèwọ̀ ni. Oríkì kan náà ni gbogbo wa ń jẹ́. Àwọn àgbà fẹ́ràn láti máa wí i pé ibi kò ju ibi, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ó sì dùn létí mi láti kékeré. Ìgbà tí oyè baálé agboolé kan bàbá mi ni mo tó mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Àwọn ló dàgbà jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn àgbà wọ yàrá lọ ṣèpàdé, nígbà tí wọ́n jáde, àbúrò kan tí kò ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Bàbá mi dìde, wọ́n ṣí fìlà fún àbúrò wọn, wọ́n kí i kú oríire. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì ń pariwo láàárín àgbàlá. Màmá mi fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé rírà ni wọ́n ra baba ńlá bàbá mi.

Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti ọjọ́ náà. Kí n má purọ́, àwọn gan-an ni ojú wọn ń tì mí. Nígbà tó di ọdún kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ẹbí ọkọ mi fẹ́ wá ṣe ìdána, ẹ̀rù ń ba màmá mi, nítorí ilé olóyè ni ọkọ mi ti wá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí bàbá mi bá jókòó síwájú, ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí àgbà kò fi jẹ baálé. Wọ́n wá dá a lábàá pé kí baálé agboolé jókòó bíi bàbá ìyàwó, kí bàbá mi máa bójú tó ohun mímu. Èmi ni wọ́n bi. Ká ní mo kọ̀ ni, kì bá ti ṣẹlẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní, "Kò burú, kí ọmọ mi ṣáà ti wọlé ọkọ." Wọ́n gbé kéréètì mínírà láti ẹ̀yìnkùlé wá síwájú títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún baálé, mo yíjú, mo ń wá bàbá mi. Wọ́n wà lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ìgò méjì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọdún kẹsàn-án rè é tí wọ́n ti kú. N kò bẹ̀ wọ́n rí títí wọ́n fi lọ.

Ọ̀nà wá tó ibi tí mo ń lọ báyìí. Ní Ọjọ́rú kan, bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, lọ́dọ̀ mi ni wọ́n sì ti ra léèsì funfun tí wọ́n fi sin ìyá wọn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn ni àbúrò bàbá ọmọkùnrin sólà, títí wọ́n fi jókòó tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n mu omi. Wọ́n yẹ léèsì kan wò, mo sì rí i pé wọn kò ní í rà á.

"Madam," ni wọ́n wí, "that family wey dey your downstairs. I no fit ask Igbo person about them. Who like them go cover, who no like them go spoil. But you be Yoruba, you no get hand inside, and you be child of God. Na one thing I wan know. For their village, dem dey break kola?"

Mo la ẹnu. Bàbá náà wo ojú mi, wọ́n sì yára gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"No answer me today! Go house first, think am. Saturday I go come greet Oga, then you go tell me." Wọ́n ti bọ́ sí ìta kí n tó lè dáhùn, wọ́n gbàgbé agboòrùn wọn.

Láti Ọjọ́rú di Sátidé, n kò jẹun gidi. Mo rò ó pé kí n purọ́, kí n ní wọ́n ń pa obì dáadáa, wọ́n ń pa á láràárọ̀. Bí wọ́n bá wá gbọ́ òótọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́? Orí ọmọbìnrin náà ni yóò fọ́ sí, nínú ilé ọkọ. Mo rò ó pé kí n sọ òótọ́. Ìyẹn ni pé kí n fi ọwọ́ ara mi lé ọkọ kẹta lọ, èmi tí mo búra fún ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó wá ku "n kò mọ̀." Ó rọrùn, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n mo mọ bí èmi ṣe máa ń sọ pé n kò mọ̀: ojú mi á ti sọ ọ́ tán kí ẹnu mi tó dé ibẹ̀.

Inú tún ń bí mi. Mo ń ká aṣọ, mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni àwọn èèyàn yìí jí? Ẹni tó fi owó ra èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń joyè, ó ń pa obì. Ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tà, ọmọ tirẹ̀ ló wá ń bojú. Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo bínú títí, oníbàárà kan sá kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó wá yá, ìbínú náà yí sí mi. Ìwọ tí ò ń pariwo yìí, ta ló sọ pé kí bàbá rẹ máa gbé mínírà?

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe ń jẹun tán, mo sọ ìbéèrè bàbá náà fún ọkọ mi. Wọ́n ń gé èékánná wọn.

"Sọ pé o kò mọ̀, jàre," ni wọ́n wí. "Àlejò ni wá níbí. Ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọmọ yìí, tiwọn ni. A kò ní irú ẹ̀ nílé tiwa."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì." Mo kó àwọn abọ́, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo fọ abọ́ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì gòkè wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó fún ẹ̀rọ náà mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wò. "Aunty, your BP don climb o. Wetin dey worry you?" Mo ní ọjà ni. Ó wojú mi díẹ̀, kò bi mí mọ́, ó tú ẹ̀rọ náà, ó ká a dáadáa. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ pé àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ wá bá mi. Bí ó bá bẹ̀ mí ni, ǹ bá rí ohun bínú sí. Kò bẹ̀ mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ewúro ránṣẹ́ sókè, ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bínú sí ọbẹ̀ náà. Mo jẹ ẹ́ tán.

Orí ọbẹ̀ yẹn ni mo wà tí ọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi máa ń sọ fi wá sí mi lọ́kàn. Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ ní kékeré, tí iṣẹ́ náà burú, tí a wá ń ráhùn, wọn á ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. N kò ronú sí i rí pé ẹni tó ń sọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ. Mo fọ ọwọ́. Mo pinnu pé n kò ní í la ẹnu mi sọ nǹkan kan nípa ilé Ìyá Ìsàlẹ̀, ire tàbí ibi. Ilé tèmi ni máa sọ.

Ọ̀sán Sátidé, bàbá náà dé nínú aṣọ mímọ́, wọ́n sì mú agboòrùn wọn tí mo gbé padà wálé. Ọkọ mi jókòó tì wọ́n, wọ́n gbé obì àbàtà wá nínú sọ́sà bí àṣà ibí, wọ́n nà án sí àlejò. Àlejò dá a padà, wọ́n ní ọ̀gá ilé ni kó pa á. Ọkọ mi tún dá a padà, wọ́n ní àgbà ni kó súre. Bàbá náà mú obì náà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n la ẹnu láti gbàdúrà. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Nna anyị, wait first. Before you bless that kola, make you know whose house you dey. The man wey born my papa papa, dem buy am. With money. Na him I come from. I be ohu."

Ọwọ́ bàbá náà dúró sókè. N kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ mi, n kò lè wò ó. Mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ nítorí pé bí mo bá dákẹ́, n kò ní í lè tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Píjìn tán lẹ́nu mi, mo fi Igbo kún un, nígbà tó yá Yorùbá pọ́ńbélé ni mò ń sọ. Mo sọ ti oyè baálé. Mo sọ ti kéréètì mínírà. Mo sọ pé ọwọ́ mi yìí ló wọn léèsì tí wọ́n fi wé ìyá wọn, pé wọ́n ti jẹ ìrẹsì mi ní Kérésìmesì bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, inú kò run wọ́n. Mo wá fi Píjìn kádìí rẹ̀.

"If my kola dey clean for you, the one for downstairs dey clean. If e no clean, abeg put am down."

Ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Èmi tí mo ní n kò ní í dárúkọ ìsàlẹ̀! Mo ti fi ẹnu ara mi lé ọkọ kẹta lọ, nínú ilé ara mi, lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá náà gbé obì sílẹ̀ sínú sọ́sà. Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́ sílẹ̀, ọkọ mi ló bá wọn ṣà á.

"Chineke! Yoruba woman, you wan kill me," ni wọ́n wí, wọ́n ń nu ojú. "The boy know since. The girl tell am with her own mouth. Him papa know, me I know. Na only him mama dey shout say make somebody go ask. So I say make I find one person wey no fit know anything, make I carry 'I don't know' go house with clean mind. I think am, I think am, I say, that Yoruba woman for market! I just ask you, see your face. Na you know pass everybody! Na why I run. I say make you go house go learn how to talk 'I don't know'."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ru ẹrù tí kò sí nínú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọn yóò wá sọ fún ìyá ọmọkùnrin náà.

"I go tell am true," ni wọ́n dáhùn. "Say I ask the Yoruba woman, and na her own family matter she tell me from beginning to end."

Wọ́n wá mú obì náà, wọ́n pa á, wọ́n ju awẹ́ kan sẹ́nu láì tíì ṣe àmín, wọ́n nà án sí èmi kí wọ́n tó nà án sí ọkọ mi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ, mo gbọ́ tí wọ́n dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kí Ìyá Ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń bi wọ́n bóyá oúnjẹ wà.

Ó wá ku èmi àti ọkọ mi. Wọ́n ń yí sọ́sà náà lọ́wọ́. Mo ń dúró kí wọ́n dárúkọ ẹrú, kí wọ́n dárúkọ ilé olóyè tí wọ́n ti wá, kí wọ́n bi mí bóyá irọ́ ni mo fi wọlé wọn.

"Ọjọ́ ìdána yẹn," ni wọ́n wí níkẹyìn, "o sọ fún mi pé ojú ló ń ti bàbá láti jókòó níwájú èrò."

"Irọ́ ni mo pa, Dádì."

"Wọ́n gbé mínírà kan fún mi lẹ́bàá ọkọ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ mí. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún di fìlà mi mú, mo fi ọwọ́ òsì gbà á lọ́wọ́ wọn." Wọ́n gbé sọ́sà náà sílẹ̀. "Bàbá ìyàwó mi. Ọwọ́ òsì. Kí ló dé tí o jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ohun tí wọ́n bá mi jà lé lórí nìyẹn, ọwọ́ òsì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sá fún ọ̀rọ̀ ẹrú, kò tilẹ̀ dé ẹnu wọn. Mo bú sẹ́kún, inú mi dùn, ojú tì mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nọ́ọ̀sì ní abúlé, ní àgbàlá kan náà tí mo ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí obì dé, bàbá olùkọ́ dìde, wọ́n béèrè pé obìnrin Yorùbá dà. Wọ́n gbé àwo lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní kí n gbé e fún ẹni tí mo gbé e fún níjọ́sí, pé ilé wọn la wá, àgbà ilé wọn ni yóò pa obì wa. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá olórí funfun yẹn. Onílùú méjì dìde, wọ́n bínú jáde. Ẹnì kẹta dìde pẹ̀lú wọn, ó wo ibi tí wọ́n to àwo ìrẹsì sí, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó padà. Ẹnikẹ́ni kò gba àwo lọ́wọ́ bàbá náà. Wọ́n pa á. Ìyá ọmọkùnrin sólà di awẹ́ tirẹ̀ mú, ó wò ó pẹ́, ó sì jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ mi ní kí a lọ sí agboolé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. A wọkọ̀ ní Upper Iweka láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni sàréè bàbá mi wà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ọkọ mi bọ́ fìlà, wọ́n bọ́ bàtà. Orúnkún wọn kò dáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rọra lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àyà wọn fi kan sìmẹ́ńtì, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Mo fà wọ́n, wọn kò ṣeé fà. Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín pa àwọn náà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Baálé gbọ́ ariwo wa, ó jáde síta pẹ̀lú ọ̀pá, baálé kan náà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ ìdána. Ó ti darúgbó. Ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣubú.

"Kò sẹ́ni tó ṣubú, bàbá," ni ọkọ mi dáhùn látilẹ̀. "Bàbá ìyàwó mi ni mò ń kí."

Baálé dúró, ó sì ṣí fìlà fún sàréè náà. Ìgbà yẹn ni mo tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.